“Student” Àti “Pupil”: Bí Àwọn Ìyá Wa Ṣe Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Ní Ìlú Ọba

Ní ìpàdé wa tó kọjá, òbí mẹ́ta ló dìde lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ọmọ wọn fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, àkókò àti kọ fọ́ọ̀mù ti ń súnmọ́, èwo nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni kí ó mú, èwo ni kí ó fi sílẹ̀? Bí a ti ń jiyàn lórí èyí tó dára jù ni ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn gbẹ́nu sókè, ó ní, “Kí ẹ tó mú ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè: kí ni wọn yóò máa pe ọmọ náà nígbà tó bá jáde?” Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún kò rẹ́rìn-ín rárá, nítorí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni a ṣe fi ojú ewé yìí sílẹ̀ fún ìtàn ní ẹ̀ẹ̀kan yìí. Ìtàn bí àwọn obìnrin wa ṣe wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ yìí ni, láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, àti bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí èdè wa kò yà sọ́tọ̀ ṣe yí ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà.

Ní ọdún 1919 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí a ní ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì tó yege sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni State Registered Nurse, tí gbogbo wa mọ̀ sí S.R.N. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì kò tó rárá, ni wọ́n bá ṣe òfin mìíràn ní 1943 tó dá ìwé kejì sílẹ̀ fún àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni tiwọn. Ní 1961 ni òfin yọ ọ̀rọ̀ “olùrànlọ́wọ́” kúrò lára orúkọ wọn, ó wá di State Enrolled Nurse, S.E.N. Ẹni tó ń kọ́ ti ọdún mẹ́ta, student nurse ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń kọ́ ti ọdún méjì, pupil nurse ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Báwo ni ẹ ó ṣe pe student ní Yorùbá? Akẹ́kọ̀ọ́. Pupil ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni. Registered? Ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Enrolled? Ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó kọ lẹ́tà sílé ní 1967 pé òun ti di akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, òótọ́ ló sọ. Bàbá rẹ̀ tó ka lẹ́tà náà sétí gbogbo ẹbí, tó pa adìẹ, tó ní kí àwọn ará ilé bá òun dúpẹ́, kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá ni ó ṣi ọ̀nà gbà o. Ẹni tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Olóyè Kofoworola Abeni Pratt. Olùkọ́ ni ní Nàìjíríà kí ó tó wá síbí, ó sì ti di ìyàwó ilé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ apoògùn, ti wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1946 ni òun náà dé, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní St Thomas’ Hospital ní 1860, tó kọjú sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní òdìkejì odò Thames. Nígbà tí ètò ìlera NHS bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948, ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Kò rọrùn fún un. Aláìsàn wà tó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ dúdú kan òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Justus Akinsanya, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà, ló kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní 1987, ó sì yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nílé wa.

Ìyáàfin Pratt padà sílé ní àwọn ọdún 1950. Ilé ìwòsàn University College Hospital ní Ìbàdàn, UCH tiwa, ni ó lọ. Ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1952 nínú ọgbà hòsípítù Adéọ̀yọ́ kí wọ́n tó ṣí ilé rẹ̀ gan-an ní 1957. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di Mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ní 1965, ó wà nídìí dídá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ọmọ Nàìjíríà fi lè gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ yìí láì wọkọ̀ òkun. Ní 1973 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tí ẹgbẹ́ Red Cross àgbáyé máa ń fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe gudugudu méje.

Àwa kò gbà pé orí pípé nìkan ló ya obìnrin yìí sọ́tọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e náà ní orí pípé. Àgbàlagbà ni nígbà tó wọlé, ó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì wà láàrin àwọn dókítà, ó lè béèrè fún un pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló lórúkọ, ìwé wo ló ń fúnni. Ọmọ ogún ọdún tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool kò ní ẹni tí yóò bi.

Láti 1949 ni ìjọba ilẹ̀ yìí ti ń wá òṣìṣẹ́ fún àwọn hòsípítù rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Nígbà tó fi di 1955, ilẹ̀ 16 ni ètò yìí ti wà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá wa, púpọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín pé ìgbìmọ̀ kankan kọ́ ló mú àwọn wá. Ọkọ ni wọ́n bá wá. Ọkọ ń kọ́ ìmọ̀ òfin, tàbí ìṣirò owó, tàbí ẹ̀rọ, owó kò sì tó. Hòsípítù máa ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ láti oṣù àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọlé nígbà náà kò jọ ti òní rárá. Kò sí fọ́ọ̀mù kan tí ó ń lọ sí ibi gbogbo. Hòsípítù kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò kọ lẹ́tà sí Mátírọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìwà rere láti ọ̀dọ̀ àlùfáà tàbí ọ̀gá ilé ìwé rẹ. Bí wọ́n bá fẹ́, wọn a pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí wọn kò bá fẹ́, o tún kọ òmíràn. Àwọn kan nínú wa kọ lẹ́tà mẹ́wàá kí ẹnì kan tó dáhùn.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé General Nursing Council, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ló ń pinnu hòsípítù tó lè kọ́ student àti èyí tó lè kọ́ pupil nìkan. Àwọn hòsípítù kéékèèké, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, pupil nìkan ni wọ́n láṣẹ láti kọ́. Nítorí náà, ìgbà tí o ti mú hòsípítù ni o ti mú ìwé ẹ̀rí rẹ, o kàn má mọ̀ ni. Àwọn hòsípítù ńláńlá tó lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ tó láti ṣà nínú wọn. Àwọn tí kò rí ènìyàn ni ilé ìwòsàn arúgbó, ilé ìwòsàn ọpọlọ, àti àwọn tó jìnnà sí ìgboro. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni àwọn ìyá wa gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Láti 1962, ẹni tó bá fẹ́ ṣe student ní láti ní O Level méjì ó kéré tán, tàbí kí ó yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ náà. Pupil kò nílò irú rẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ní 1955 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó jáde níbẹ̀ ló lọ sí ilé ìwé modern, ọdún mẹ́ta, kì í ṣe girama. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ìṣirò, orí wọn jí pépé, ṣùgbọ́n ìwé Modern Three kò já mọ́ nǹkankan lójú Mátírọ́ọ̀nù. Ìdánwò yẹn ni ìbá gbà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìdánwò kankan fún àwọn.

Ní agbègbè wa níbí, ẹni tó bá dé ní àwọn ọdún 1960 yóò bá hòsípítù ní ọ̀tún àti ní òsì. St Nicholas wà ní Plumstead. Brook wà ní Shooters Hill Road. Ilé ìwòsàn ibà àti àrùn àkóràn ló fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. British Hospital for Mothers and Babies wà ní Woolwich gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí ti kọ́ṣẹ́. Bexley Hospital tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni Goldie Leigh ní Abbey Wood. Thamesmead fúnra rẹ̀ kò tíì sí. Irà ni, ilẹ̀ àwọn ológun, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1967 tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ sì kó wọlé ní 1968. Àwọn Yorùbá kò tíì pọ̀ lápá ibí. Nígbà tí àwa pọ̀ débí, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, láti Peckham, láti Hackney, láti àwọn ìlú mìíràn, àwọn ìyá wa ti gba ìwé wọn ní ibòmíràn, wọ́n sì gbé e dání wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà wa. Ó ní kí a má dárúkọ òun, a kò sì ní dárúkọ hòsípítù náà, tí kò tilẹ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1968 ló dé bá ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìṣirò owó. Ọmọ wọn kan ti wà, èkejì sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Àwọn tó dàgbà tó nínú wa yóò rántí bí nǹkan ṣe rí: iṣẹ́ alẹ́, iṣẹ́ òwúrọ̀, yàrá kan ṣoṣo, onílé tí kò fẹ́ ariwo ọmọ. Wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, gẹ́gẹ́ bí àìmọye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ṣe nígbà náà, alágbàtọ́ òyìnbó kan ní Kent sì gba àwọn ọmọ náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé tó bá ṣófo ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò wọ́n. Ìtàn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti dàgbà, wọ́n wà láàrin wa.

Nígbà tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, olùkọ́ nọ́ọ̀sì tó bá a sọ̀rọ̀ ṣe èèyàn dáadáa. Ó fún un ní tíì. Ó ní ọdún méjì péré ni, owó yóò máa wọlé, yóò sì tètè parí kí ó lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀. Èwo ni kò dára níbẹ̀? Ìyá wa fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí West African School Certificate rẹ̀ wà nínú àpò tó gbé lé ẹsẹ̀, pẹ̀lú kírẹ́dítì nínú Gẹ̀ẹ́sì àti nínú ìmọ̀ ohun alààyè. Olùkọ́ náà kò béèrè rẹ̀. Òun náà kò yọ ọ́, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ń ṣe fọ́rífọ́rí.

Oṣù kẹrin ló tó mọ̀. Òun àti ọmọ Ireland kan ń jẹun pọ̀ ní yàrá ìjẹun, ó sì ṣàkíyèsí pé bẹ́líìtì tiwọn kò bára mu. Ó bi í léèrè. Ọmọ náà ní, “Student ni mí. Ìwọ, pupil ni ọ́.” Ìyá wa rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Ireland nìyẹn. Nígbà tó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó parí ọdún méjì náà ná, wọn yóò wò ó lẹ́yìn náà. Ó parí. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ di S.R.N., yóò tún padà sí kíláàsì. Oyún kẹta ti wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn.

Irú ẹjọ́ báyìí kò mọ sórí ẹnì kan. Ní wọ́ọ̀dù, S.E.N. ń ṣe ohun tí S.R.N. ń ṣe. Lóru, nígbà tí Sísítà bá ti lọ, òun náà ni wọ́n ń fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún. Àmọ́ kò lè di Sísítà láéláé. Àwọn ọmọdé tó kọ́ níṣẹ́ yóò kọjá lára rẹ̀, wọn yóò di ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá tún fẹ́ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, tí S.R.N. ń fi ọdún kan parí nígbà náà, tirẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrora tó jù ni ti ìpadàbọ̀ sílé. Gbogbo wọn ló ní in lọ́kàn láti padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọdún márùn-ún ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Nílé, S.R.N. àti S.C.M. ti agbẹ̀bí ni ìwé tí wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n ń kọ sára pátákó orúkọ. S.E.N. kò ní àyè tirẹ̀ nínú ètò Nàìjíríà. Ẹni tó bá mú un dé, ó di ẹni tí kò kúnjú ìwọ̀n. Ìyá wa kọ lẹ́tà sílé ní 1976, nígbà tí owó epo rọ̀bì wà ní ìgboro tí gbogbo ènìyàn ń sáré padà. Èsì tó gbà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó fi lẹ́tà náà pamọ́ sínú Bíbélì. Ọkọ rẹ̀ padà. Òun àti àwọn ọmọ dúró.

Kí a má ṣe dá gbogbo ẹ̀bi fún òyìnbó, àwọn ọkọ kan mọ̀ tí wọn kò sọ. Owó ọdún méjì yá ju owó ọdún mẹ́ta lọ, ẹ̀kọ́ ọkọ ló sì wà níwájú. A ti gbọ́ èyí lẹ́nu obìnrin tó ju ẹnì kan lọ, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ wa bò ó mọ́lẹ̀.

Ní 1972 ni ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Briggs ti sọ pé ó yẹ kí a tún gbogbo ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tò. Òfin jáde ní 1979. Ní 1983, ìgbìmọ̀ tuntun, UKCC, gba àkóso, S.R.N. di R.G.N., S.E.N. náà gba orúkọ tuntun. Wọ́n kó gbogbo wọn sínú ìwé kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n apá kìn-ín-ní ni ti àwọn ọlọ́dún mẹ́ta, apá kejì ni ti àwọn ọlọ́dún méjì. Orúkọ yí, ìjókòó kò yí. Lẹ́yìn náà ni ètò tí wọ́n pè ní Project 2000 dé. Wọ́n dábàá rẹ̀ ní 1986, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ó mú ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ hòsípítù díẹ̀díẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì fòpin sí gbígba pupil sí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ti fi ogún ọdún ṣe S.E.N. jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní irú wọn kò sí mọ́, kí wọ́n lọ yí ìwé wọn padà. Àyè tó wà fún ẹ̀kọ́ ìyípadà yìí kò tó àwọn tó fẹ́ ẹ, ìlà gùn. Àwọn kan dúró fún ọdún bíi mélòó kan. Àwọn kan ní àwọn kò ṣe mọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn tì bẹ́ẹ̀. Ìyá wa rí àyè, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó ń kàwé lọ́sàn-án, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òun àti ìyá wọn jọ ń kọ ìwé lórí tábìlì kan náà ní Thamesmead. Ní 1994 ni wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá lẹ́yìn tíì tí ó mu lọ́jọ́sí.

Àwọn hòsípítù tí a dárúkọ lókè náà ń pa ilẹ̀kùn dé ní àkókò yẹn. British Hospital ti lọ ní 1984, St Nicholas ní 1986. Brook tẹ̀lé wọn ní àárín àwọn ọdún 1990. Hòsípítù àwọn ológun tó wà létí Woolwich Common náà ti ilẹ̀kùn ní àkókò kan náà, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni Queen Elizabeth Hospital tí gbogbo wa ń lò lónìí wà láti 2001, ọdún tí Greenwich District Hospital kásẹ̀ nílẹ̀. Thames Polytechnic, tó wà ní àárín Woolwich níbí, di University of Greenwich ní 1992. Ọmọ tó ń lọ kọ́ nọ́ọ̀sì kò lọ bá Mátírọ́ọ̀nù mọ́, yunifásítì ló ń lọ. Láti 2013, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti di Registered Nurse ní England mọ́ láìsí oyè yunifásítì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè àwọn òbí mẹ́ta náà, nítorí àwọn ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí. UCAS ni ọmọ yóò kọ fọ́ọ̀mù sí, ó sì lè mú àyè márùn-ún. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni fọ́ọ̀mù náà ní láti dé kí wọ́n tó lè kà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Fún àwọn tó wọlé láti 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń dáhùn dípò lẹ́tà gígùn kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kọ. Láti ibi tí a wà yìí, ọmọ lè wo Greenwich, tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní Avery Hill ní Eltham. Ó lè wo King’s College, tó jogún ilé ẹ̀kọ́ Nightingale tí Ìyáàfin Pratt lọ. Ó lè wo London South Bank.

Òbí kan bínú sí wa ní ìpàdé nítorí a ní King’s kọ́ ni gbogbo nǹkan. A kò tíì yí ọ̀rọ̀ wa padà. Orúkọ ńlá dára, a kò sọ pé kò dára. Àmọ́ NMC, tó gba àkóso lọ́wọ́ UKCC ní 2002, kò kọ orúkọ yunifásítì sí iwájú nọ́ọ̀sì. Ìwé kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ni. Wákàtí 4,600 ni wọ́n ń béèrè, ìdajì rẹ̀ ní kíláàsì, ìdajì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Ìdajì kejì yìí ló ń pa ọmọ lára. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, níbo ni wọn yóò rán an lọ? Wákàtí mélòó ni yóò lò lójú ọ̀nà láti Thamesmead? Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbà. A mọ ọmọ tó fi ilé ẹ̀kọ́ olórúkọ sílẹ̀ ní ọdún kejì nítorí ọ̀nà nìkan.

Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà: àgbàlagbà, ọmọdé, ọpọlọ, àti àwọn tí òye wọn kò tètè dàgbà. Inú ìwé fún ẹ̀ka kan ni orúkọ ọmọ yóò wà, kì í rọrùn láti fò sí òmíràn. Àwọn òbí wa máa ń ti ọmọ sí ti àgbàlagbà, wọ́n ní ti ọpọlọ jẹ́ iṣẹ́ ilé wèrè. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1960, ohun tó mú un di àbùkù ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń ju àwọn èèyàn wa sí láì bi wọ́n. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ mú un lónìí kò kéré sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣì ní in lọ́kàn láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ti Àbújá, kí ó béèrè bí wọn yóò ṣe ka ìwé rẹ̀ sí.

Owó ńkọ́? Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní England dáwọ́ dúró fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2017; ó wá di pé wọ́n ń yá owó bíi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fún wọn ní £5,000 lọ́dún tí wọn kì í dá padà. Ìyẹn ló mú kí ọ̀nà mìíràn máa wu àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tó ti ń ṣe olùtọ́jú arúgbó: ọ̀nà nursing associate. Láti 2019 ni orúkọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé NMC. Ọdún méjì ni. Wọ́n ń sanwó fún púpọ̀ nínú wọn bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. England ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ bí ó ti ń dún. Kí a sọ òótọ́, kì í ṣe S.E.N. àtijọ́ ló padà wá. Afárá wà láti ibẹ̀ sí Registered Nurse, ọ̀pọ̀ sì ń gbà á kọjá. Kì í ṣe bí ti àwọn ìyá wa tí wọ́n ní kí wọ́n padà lọ jókòó sí kíláàsì. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú un nítorí ọmọ àti owó ilé, a kò ní bá a wí. Ẹni tí a ń bẹ̀rù fún ni ẹni tó bá wọ ibẹ̀, tó ń sọ fún ẹbí pé òun ti di akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì.

Ọmọ-ọmọ ìyá wa wà lára àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Yunifásítì kan pè é lórí fóònù láti bá a sọ̀rọ̀ nípa àyè tó béèrè, ìyá wa sì ní kí ó ṣí ohùn sókè kí òun náà lè gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ gbogbo tiwọn, ó bọ́ síwájú fóònù náà, ó béèrè lọ́rọ̀ kan: kí ni wọn yóò kọ síwájú orúkọ ọmọ yìí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Obìnrin náà ní, “Registered Nurse, mà, ti ọmọdé.” Ìyá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ lórí ìwé.